Ọjọ́ Tí Mo Pààrọ̀ Fèrèsé Dúdú Náà

Ní Apapa, tí èèyàn bá dárúkọ tẹ́mínà, ibi tí wọ́n ń to kọ̀nténà sí létí omi ni gbogbo ayé máa rò. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wa ní Wharf Road, tí ọ̀gá wa sọ fún mi pé, "Inú tẹ́mínà lo ti máa ṣiṣẹ́ jù." Mo ti ń ronú bàtà tó nípọn tí mo máa rà kó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń sọ. Fèrèsé dúdú kan ni, tó máa ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lèèyàn ń kọ sí i, ọ̀rọ̀ náà ló sì fi ń dáni lóhùn.

Iṣẹ́ wa ni ká máa bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde ní wáàfù. Bàbá kan ló jókòó sórí àga mi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó dé. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò tí ọ́fíìsì fi ń wá kọ̀nténà: wàá kọ nọ́ńbà kọ̀nténà sínú fèrèsé dúdú yẹn, á sì sọ ibi tí ìwé rẹ̀ dé fún ọ. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí òun ṣe ṣe é. Nígbà tí mo béèrè nípa rẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Bàbá ti lọ." Wọ́n á sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á sì yíjú sí nǹkan míràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yẹn ni mo fi gbà pé ó ti kú. Mi ò béèrè ohun tó pa á. Tìmùtìmù àga rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú láàárín, bí ara èèyàn kan ṣoṣo ṣe tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo fi aṣọ tútù nù ún, mo sì jókòó sínú ibi tó tẹ̀ yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìgbà àkọ́kọ́. Fèrèsé dúdú ṣí. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé tínńtín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹnìkan ń rọra tẹ̀ wọ́n lápá kejì.

*O káàárọ̀. Ṣé o ti jẹun?*

Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó fáìlì sí. Mo tún wo ọ̀rọ̀ náà. Àmì ohùn pé sórí rẹ̀ bíi ti inú Bíbélì, ó hàn pé ẹni tó kọ ọ́ kò kánjú. Ó sì ń pè mí ní *o*, bí àgbàlagbà ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin ará Warri kan la jọ wà nínú yàrá yẹn, òun ló máa ń gbé ìwé lọ sí géètì wáàfù. Ó rí bí mo ṣe dúró gbagidi.

"Just press Enter," ó ní. "E go pass."

"Ta ló ń kọ ọ́?"

"Na so e dey do since. No answer am."

Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Nínú ilé tí mo ti dàgbà, tí àgbàlagbà bá kí ọ tí o kò dáhùn, ìgbátí ló máa tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi ti kọ ọ́ kí n tó ronú: *Mo ti jẹun, sà. Ẹ ṣeun.* Ojú fèrèsé náà dúró díẹ̀. Ó ní: *Ọjọ́ wo la wà lónìí?* Mo kọ ọ́ pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní: *O ṣeun. Máa bá iṣẹ́ lọ.* Ó sì jẹ́ kí n wọlé.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láràárọ̀. Kì í pẹ́ rárá. Mo máa fi báàgì mi sílẹ̀, mo máa tẹ bọ́tìnì, òun á kí mi, èmi náà á kí i. Mi ò jẹ́ purọ́, ó wá ń mára tù mí. Yàrá kan ni mo gbà ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ kan náà, nígbà yẹn. Ariwo tó wà níbẹ̀ kì í dákẹ́ tọ̀sán-tòru, àwọn ará ilé pọ̀ bí eéṣú, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Òkú ọkùnrin kan ní Wharf Road ló ń bi mí. Mo máa ń rò ó báyẹn, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kan wá tí ìjọba fún wa ní ìsinmi ọjọ́ méjì. Nígbà tí a padà, gbogbo ọjọ́ ti dàrú mọ́ mi lórí. Fèrèsé béèrè ọjọ́, mo kọ Ọjọ́ Ajé sí i. Ọjọ́rú la wà.

*Rárá o,* ó ní. *Rọra tún un rò.*

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo kọ èyí tó tọ́, ó sì jẹ́ kí n wọlé. Ní ọjọ́ kejì, mo ní ibà lára díẹ̀, oníbàárà kan sì ti ń pè mí láti àárọ̀. Ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé géètì wáàfù kó tó di ọ̀sán, ará Warri kò sì tíì dé. Mo ní kí n kàn yẹ nọ́ńbà kọ̀nténà náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó fẹsẹ̀ mi gbé ìwé náà lọ. Mo tẹ bọ́tìnì. Ó bi mí ní ọjọ́. Mo kọ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ la wà.

Ojú fèrèsé náà ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó falẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

*O ti ṣì í lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Jókòó. Má dá jáde lónìí. Kò sí ìwé tó tó ẹ̀mí.*

Mo ti gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Mo jókòó padà. Mi ò mọ ìdí tí mo fi jókòó. Mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ, ka ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Àwọn tírélà ń fọn fèrè nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, eruku títì ń wọlé láti ojú fèrèsé, atẹ́gùn fáànù ń gbá ìwé tó wà níwájú mi. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀. Ariwo kan wá dún tó jẹ́ pé ilẹ̀ ọ́fíìsì gbọ̀n, ife tíì tó wà lórí tábìlì rìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Kọ̀nténà ló já bọ́ lórí tírélà kan, ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, níbi tí àwa tó ń fẹsẹ̀ lọ sí géètì máa ń gbà kọjá. Kẹ̀kẹ́ márúwá kan ló bọ́ lé. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ náà ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, kò sì sí èrò nínú rẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Kẹ̀kẹ́ náà ti pẹlẹbẹ bí agolo mílíìkì tí mọ́tò gùn kọjá. Onítọ̀hún dúró tì í, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ará Warri bá mi níbẹ̀. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú títì.

"You for dey there," ó ní.

Mi ò sọ ohun tí kọ̀ǹpútà kọ fún mi. Mo gbé ìwé náà fún un, òun ló sì gbé e lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ní kí n má dá a lóhùn mọ́, kí n máa tẹ Enter bíi ti àwọn yòókù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ míràn ti yọ:

*Ọjọ́ kẹta rèé tí o ti dákẹ́. Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?*

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ará Warri ń jẹ ẹ̀pà ní ẹ̀yìn mi. Síbẹ̀, gbogbo irun apá mi dìde. Mo ti fèrèsé náà, mo lọ bá ọ̀gá wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ yọ tẹ́mínà Bàbá kúrò, kí n fi òmíràn sí i. Lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, ó ń dun ojú mi."

Ọ̀gá gbé ojú sókè. "Ṣé ètò tó fi ń wá kọ̀nténà ò ní bàjẹ́?"

"Kò ní bàjẹ́, sà. Fèrèsé lásán ni mo fẹ́ pààrọ̀."

"Ìwọ lò ń lò ó. Ṣe é bó ṣe wù ọ́."

Mi ò ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Mo ń sún un síwájú, mo ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba míràn ló dé tí mo dá lọ sí ọ́fíìsì ní àárọ̀, torí ìwé kan tó gbọ́dọ̀ ṣetán. Mo ní bí mo bá ti dá wà, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní ìdí tí mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Èèyàn tí kò bá mọ Wharf Road kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ṣe burú tó. Ọ̀nà tí tírélà kì í tán lórí rẹ̀, ó wá lọ gbọọrọ, kò sí nǹkan kan. Àwọn lékèélékèé ń rìn láàárín títì bí ẹni tó ra ilẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó gùn, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn. Mo gòkè lọ, mo ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ ìró bàtà ara mi láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àga.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún ètò kọ̀ǹpútà ṣe. Níbẹ̀, kọ̀ǹpútà máa ń bi ọ́ pé èwo nínú àwọn ohun tó wà nínú òun ni kí òun máa lò fún iṣẹ́ wo: èwo ni kó máa fi ṣí àwòrán, èwo ni kó máa fi ka lẹ́tà, èwo ni kó máa fi ṣe tẹ́mínà. Èyí tí Bàbá yàn ló wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́. Mo fi òmíràn tó funfun, tí lẹ́tà rẹ̀ dúdú tó sì tóbi, sí ipò rẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Mo rò pé inú ètò dúdú yẹn ni ohùn náà ń gbé. Ilé tí nǹkan bá ń dẹ́rù bà ọ́ nínú rẹ̀, ṣebí kí o kó kúrò níbẹ̀ ló kù.

Mo tẹ bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fèrèsé funfun ṣí. Ó mọ́ lóló. Mo kà á dé márùn-ún, kò sí ìkíni, kò sí ìbéèrè. Mo fẹ̀yìn ti àga, mo mí kanlẹ̀.

Lẹ́tà dúdú kan yọ. Òmíràn tẹ̀ lé e.

*Ibí yìí yàtọ̀. Má bẹ̀rù.*

Mo dìde. Àga yí padà sẹ́yìn, ó fara gbá kọ́bọ́ọ̀dù. Mo lọ dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn, mo dì í mú. Láti ibẹ̀, mo ń rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń jáde lọ, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kò dúró dè mí. Mi ò lè sá lọ, mi ò sì lè sún mọ́ ọn. Mo gbàdúrà tí mo mọ̀ láti kékeré, mo gbà á dé ìdajì, èyí tó kù sọnù mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà tí ó dáwọ́ dúró ni mo tó yọ́ rìn padà síbẹ̀, mo sì kà á lórí ìdúró.

*Ibí yìí yàtọ̀. Má bẹ̀rù. Bóyá ẹnìkan ló tún nǹkan ṣe. Bóyá ìwọ fúnra rẹ ni, tí o sì gbàgbé.*

*Ọ́fíìsì rẹ lo wà, ní Wharf Road. O ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn tó wà nínú yàrá kì í ṣe ọ̀tá rẹ.*

*Ìyàwó rẹ wà láyé. Ìyá rẹ ló kú. O máa ń pa àwọn méjèèjì pọ̀. Má sunkún níwájú àwọn èèyàn.*

Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Obìnrin ni mí. Mi ò ní ìyàwó. Ìyá mi wà láyé, a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ yẹn gan-an. Mo tún un kà. Gbogbo *o* tó ti ń pè mí láti ọjọ́ kìíní, tí mo rò pé àgbàlagbà tó kú ló ń pe ọmọdé tó gba àga rẹ̀, kì í ṣe èmi ló ń pè rí. Ara rẹ̀ ni Bàbá ń pè. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Ó ń bi ara rẹ̀ ní ọjọ́ tí a wà, kó lè mọ ibi tí ọpọlọ rẹ̀ ti lọ dé. Òun ló sọ fún ara rẹ̀ pé kó jókòó, kó má dá jáde, lọ́jọ́ tó bá ti ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí òun kò ní mọ̀ mọ́, ó sì kọ̀wé de ọjọ́ náà.

Ìwé náà ṣì kù. *Tí o bá ń lọ sílé, wọ kẹ̀kẹ́, sọ̀ ní Boundary. Tí wọ́n bá tì ọ́, má bá wọn jà. Kọjá àwọn tó ń ta bàtà tòkunbọ̀. Tí o bá dé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó ní ilẹ̀kùn méjì, yà sí ọwọ́ tí aago rẹ wà. Géètì búlúù ni. Kan ilẹ̀kùn, kí o dúró. Obìnrin tó bá ṣí i fún ọ, òun ni.*

Ní ọjọ́ kejì mo gbé e jáde nínú pírińtà, mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa. Ó kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀, ó tún un kà.

"Sà," mo ní, "kí ló pa Bàbá?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ó ti lọ."

"Ó lọ sílé ni. Ó wà láyé." Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ bò ó. "A bú u púpọ̀. Ó máa ń gbé ìwé oníbàárà kan fún òmíràn, ó máa ń bi wá ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A rò pé ó ti ń mutí. Èmi gan-an sọ ọ́ sí i lójú. Ọjọ́ kan ó lọ sí géètì, kò padà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i, ó jókòó lẹ́bàá omi, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń dúró de ìyá òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wo ojú obìnrin náà nínú wa."

"Ṣé ẹ ti lọ kí wọn látìgbà yẹn?"

Ó mú ọwọ́ kúrò lórí ìwé náà, ó sì tì í padà sọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo lọ. Mi ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwé náà ni mo tẹ̀ lé. Ọdún mélòó kan ni mo ti ń gbé Boundary, mo máa ń fi ojú méjèèjì mi rìn ín, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ojú ẹlòmíràn ni mo fi ń rìn. Mo kọjá àwọn oníbàtà. Ẹnìkan fi èjìká tì mí, mi ò bá a jà. Mo dé ṣọ́ọ̀ṣì onílẹ̀kùn méjì, mo dúró, torí mi ò wọ aago, mi ò sì mọ ọwọ́ tí Bàbá ń wọ tirẹ̀ sí. Mo yà sí òsì. Bí mo ṣe ń rìn lọ, ariwo ọjà ń dínkù lẹ́yìn mi, títí mo fi ń gbọ́ ìró omi tó ń kán láti ara páìpù kan. Géètì búlúù wà níbẹ̀. Mo kàn án, mo dúró.

Màmá kan ló ṣí i, tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàsán mà."

"O káàsán, ọmọ mi. Ta lò ń wá?"

"Láti ọ́fíìsì ni mo ti wá, ní Wharf Road. Èmi ló wà lórí àga Bàbá."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Wọ́n ní kí o wá gba nǹkan ni?"

"Rárá mà. Mo mú nǹkan wá ni."

Ó mú mi wọlé. Pálọ̀ náà ṣókùnkùn díẹ̀, máṣíìnì ìránṣọ wà lẹ́bàá ojú fèrèsé. Bàbá jókòó sórí àga onígi, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ta táì, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó múra iṣẹ́ tán. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé ó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré.

"O pẹ́ dé," ó ní.

"Ẹ má bínú, sà."

"Ṣé o ti jẹun?"

Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yẹn láràárọ̀, mo sì ti fún un ní ohùn kan nínú orí mi. Ohùn yẹn náà ni. Bóyá ọkàn mi ló tàn mí jẹ, mi ò lè búra. Mo dá a lóhùn pé mo ti jẹun, ẹ ṣeun sà. Ó mi orí, ó sì padà sí wíwo ẹnu ọ̀nà.

Mo gbé ìwé náà fún Màmá. Ó gbé e súnmọ́ ojú fèrèsé. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ibì kan, ó fi ọwọ́ di máṣíìnì mú.

"Ó ti mọ̀," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mò ń bi í pé kí ló ń ṣe yín, tó ń sọ pé kò sí, ó ti mọ̀."

Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tó sọ pé ìyàwó rẹ̀ wà láyé.

"Láràárọ̀ ló máa ń sọ fún mi pé òun lálàá pé mo kú. Mo máa ń bínú sí i. Mo ní, àlá wo ló ń wá sí ojú kan náà lójoojúmọ́. Kì í ṣe àlá." Ó ká ìwé náà, ó tún un tú. "Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí bà ọ́, àbí?"

"Ó bà mí, mà."

"Èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀."

Bàbá ti na ọwọ́. A ò mọ ìgbà tó yíjú sí wa. Màmá wò mí, ó sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó kà á sókè, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò kọsẹ̀ níbì kankan, ohùn rẹ̀ dúró déédéé bíi ti ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó kà á tán, ó wo ẹ̀yìn ìwé náà, bóyá orúkọ wà níbẹ̀.

"Ẹni tó kọ èyí ní sùúrù," ó ní. "Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Ọ̀rẹ́ yín kan ni," Màmá ní.

"Ṣé ó délé?"

"Ó délé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Màmá sìn mí dé géètì. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé fún un pé kò gbé inú fèrèsé dúdú, kò sì gbé inú funfun. Inú fáìlì kékeré kan ló wà, tí kọ̀ǹpútà máa ń kà kí fèrèsé èyíkéyìí tó gba ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ tí mo pààrọ̀ rẹ̀ kò fi lé e lọ. Bàbá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí fèrèsé bá yí padà, kó gbé ìwé yẹn jáde. Mo ní mo lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́.

"Yọ ọ́," ó ní. "Kò yẹ kó máa bi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ ni kí o bá mi kó wá."

Mo yọ ọ́ ní Ọjọ́ Ajé. Mo kọ́kọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, lẹ́yìn náà ni mo pa àwọn ìlà náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fèrèsé funfun ṣí, ó sì dákẹ́. Mo jókòó síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń retí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò tù mí lára tó bí mo ṣe rò. Ará Warri bi mí láti ẹ̀yìn pé, "E don stop?" Mo ní ó ti dáwọ́ dúró. Mo rí i pé ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà láti ibi tó wà.

Màmá lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ wọn, níbi tí Bàbá máa ń dúró sí láràárọ̀ nígbà tó bá ń wá ọ̀nà lọ sí wáàfù. Ó ní tó bá kà á, á mí kanlẹ̀, á sì padà lọ jókòó. Nígbà tó yá, ó pè mí lórí fóònù pé kí n wá wo nǹkan. Nísàlẹ̀ ìwé náà, Bàbá ti fi bírò kọ ọ́ pé: *Mo ti kà á.* Ó tún kọ ọ́ nísàlẹ̀ ìyẹn, ó tún kọ ọ́, títí tí àyè fi tán, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìwé náà kún. Mo tẹ tuntun fún wọn. Láti ìgbà yẹn, tí ọ̀kan bá ti kún, mo máa ń gbé òmíràn lọ.

Àwọn tó ti kún wà nínú báàgì kan lábẹ́ máṣíìnì ìránṣọ. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò tẹ̀léra. Nínú àwọn àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró dáadáa, àmì ohùn pé. Lẹ́yìn náà àmì ohùn lọ. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Nínú èyí tó dé kẹ́yìn, ìlà gbọọrọ gbọọrọ lásán ni, ìlà kan fún àárọ̀ kan, wọ́n tò déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá ṣì wà láyé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀gá wa ti bá mi lọ kí i lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó fún wákàtí kan, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Bàbá ní òun ti gbọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ Màmá lẹ́yìn náà pé ta ni ọkùnrin yẹn, kí ló sì ń pa á lẹ́kún.